Bí ẹ ṣe lè kọ ìtàn Àkúrẹ́ tó dẹ̀rọ̀, tí ẹni tó bá kà á á fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí kì í ṣe ti ìjàpá o, kì í sì í ṣe ti ìyàálé àti ìyàwó tó kún orí fóònù gbogbo wa. Ìtàn ìlú tó dẹ̀rọ̀ ni, èyí táwọn òyìnbó ń pè ní utopia. Ẹ máa mú ìlú kan, ẹ máa tún un tò nínú ọkàn yín, ẹ máa wá jẹ́ kí èèyàn kan wọ inú ẹ̀ lọ, kó ná ọjà níbẹ̀, kó jẹun níbẹ̀, kó bá ẹnì kan jà níbẹ̀. Ohun tó wúlò fún ni pé nǹkan tó bá ti pẹ́ lójú wa, a kì í rí i mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Àlà ní Àkúrẹ́ níbí, tó jẹ́ pé ọ̀rá àti ike ló ń rí nínú omi yẹn láti kékeré, á rò pé bí odò ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìtàn lè mú un lọ síbi tí odò ò ti rí bẹ́ẹ̀, tó bá wá padà délé, ojú tó fi ń wo tiwa á ti yàtọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ tó ń kọ irú ìtàn yìí, bí ìwé ìpolongo ìbò ló ń rí lọ́wọ́ wọn. Iná ń tàn, títì ń dán, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ta ló máa ka ìyẹn tán? Èmi ò lè kà á tán o. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín yìí, ìlú náà máa dáa, ṣùgbọ́n ìjà máa wà níbẹ̀, ẹnì kan máa pàdánù níbẹ̀, ẹnì kan á sì máa fi ìbínú sùn. Ibẹ̀ gan-an ni òǹkàwé ti máa gbà yín gbọ́.

Ohun tẹ́ ẹ nílò ò pọ̀: ìwé tẹ́ ẹ lè kọ nǹkan sí àti bírò, tàbí fóònù (kíbọọ̀dù Gboard ní Yorùbá, ó ń gbé àmì ohùn jáde dáadáa), àti ẹnì kan nínú ilé tàbí ládùúgbò tó máa ń ta ko gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ. Ẹni tó ń ta kò yín yẹn ṣe pàtàkì ju bírò lọ, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tá a bá dé iwájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú

Ẹ má tún Nàìjíríà ṣe. Ẹ má tiẹ̀ tún gbogbo Àkúrẹ́ ṣe. Ẹ mú ohun kan tó ń dùn yín gan-an, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ ohùn yín á yí padà: ìdọ̀tí, iná tí kì í wá, ọsibítù tí wọ́n ti ń ní kí aláboyún lọ ra gílọ́ọ̀fù wá, ọmọ tó gboyè ní yunifásítì FUTA tó wá ń fi ọ̀kadà jẹun, àgbẹ̀ kòkó ní ọ̀nà Oǹdó tí kò tíì fẹnu kan ṣokoléètì rí. Ẹyọ kan. Ẹ yí ẹyọ kan yẹn padà pátápátá, kẹ́ ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ wá máa wò ó bó ṣe ń fa àwọn tó kù mọ́ra.

Obìnrin kan wà ní Bẹ̀ńgálì nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba Íńdíà, Rokeya Sakhawat Hossain lorúkọ ẹ̀, ohun tó ṣe gan-an nìyí lọ́dún 1905. Nígbà yẹn, àwọn obìnrin ilé Mùsùlùmí tó rí já jẹ níbẹ̀, eléèhá ni wọ́n, wọn kì í jáde síta. Ohun kan ló yí nínú ìtàn ẹ̀: ó ní káwọn ọkùnrin di eléèhá, káwọn obìnrin máa ṣèlú. Ó tán. Látinú ẹyọ kan yẹn ló ti bọ́ sí ìlú kan tí àwọn obìnrin onímọ̀ ti ń fi ooru oòrùn dáná, tí wọ́n ń fa omi òjò látojú ọ̀run wá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́, torí pé wọ́n ráyè kàwé, wọ́n ráyè ronú. Ìtàn kúkurú ni, èèyàn lè kà á tán kí ìrẹsì tó jinná. Kò sì dúró lórí ìwé, torí nígbà tó fi máa di 1911 ó ti ṣí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Calcutta.

Fún àpẹẹrẹ tí màá máa fà lọ títí dé ìsàlẹ̀, ọ̀rá ni mo mú. Ọ̀rá ọjà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di gbogbo nǹkan. Ìlú tí mo fẹ́ kọ ni Àkúrẹ́ ọdún 2050 tí kò sí ọ̀rá nínú ọjà ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ jókòó síbẹ̀

Ẹ má kọ ọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba tàbí Arákalẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí ọjà tó kún, kẹ́ ẹ tún padà lọ nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́. Ta ló ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù? Ibo ló ń gbá a sí? Tí òjò bá rọ̀, ibo ni gọ́tà ń gbé e lọ? Èló ni bándù ọ̀rá kan, ta ló ń tà á, ọmọ mélòó ni ẹni yẹn ń fi rán nílé ìwé? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe rí i, ẹ má tíì bínú sí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá ìyá kan tó ti pẹ́ nínú ọjà, ẹ kí i dáadáa, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bi í ní ìbéèrè o, ẹ má jẹ́ kó rò pé ẹ̀yin lẹ wá gba owó orí. Ẹ bi í pé "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ká ní kò sí ọ̀rá mọ́ láti ọ̀la lọ, kí lẹ máa fi dì í?" Kẹ́ ẹ wá panu mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ewé ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ, wọ́n á ní ewé eéran ló wà nígbà táwọn wà lọ́mọdé, wọ́n á ní agbọ̀n ni ìyá àwọn ń gbé lọ sọ́jà, igbá sì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá wá sọ ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ ò retí, bíi "ewé dáa ṣùgbọ́n omi ata á máa jò sára aṣọ oníbàárà, ta ló máa fọ̀ ọ́?", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ ti rí ìtàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá a nílé kẹ́ ẹ tó wá a lókèèrè

Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà jù. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ ìlú tó dáa, Dubai ló ń jáde. Ọkọ̀ tó ń fò, ilé oníglàásì, róbọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó bí wa ti ní àwọn nǹkan kan tí ẹ lè gbé sínú ìtàn yẹn tí òǹkàwé ò ní lè sọ pé ti òyìnbó ni. Àáró wà: oko mi lónìí, oko tìẹ lọ́la, kò sí owó láàárín wa. Ọ̀wẹ̀ wà: ẹni tó fẹ́ mọlé pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna, ó se oúnjẹ sílẹ̀, ilé dìde. Èésú wà: gbogbo wa dá owó jọ, ẹnì kan kó o lónìí, ẹlòmíràn kó o lọ́la; ó ṣì wà títí dòní nínú ọjà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí báńkì ìlú tó dẹ̀rọ̀ ṣe máa rí ẹ lọ bi àwọn tó ń dá a.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí obìnrin máa ṣàkóso, ẹ má lọ dá mínísítà sílẹ̀. Ní Oǹdó, ìtàn wọn fi hàn pé obìnrin, Púpupú, ló kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé, ìyẹn ọba ìlú náà, títí di ìsinsìnyí oyè Lọ́bùn wà níbẹ̀, obìnrin tó jẹ́ ọba, tí ọ̀rọ̀ ọjà wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọn ò sì lè gbé Ọ̀ṣemàwé tuntun gorí ìtẹ́ láìsí i. Ní Àkúrẹ́ níbí, tí Déjì bá wàjà, ọmọ ọba obìnrin ló ń di adelé, ó ń múra bí ọkùnrin, ó ń dé adé, títí wọ́n á fi yan ẹlòmíràn. Ẹ kàn bi ara yín pé ká ní wọn ò wá yan ẹlòmíràn yẹn ńkọ́? Ìtàn kan ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó tóbi jù nínú gbogbo ẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ó sì ń yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ wa ò ṣe mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1947, ní etí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Holy Apostles kó ara wọn jọ, wọ́n dá ìlú tuntun sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀, wọ́n pè é ní Ayétòrò. Nǹkan gbogbo jẹ́ ti gbogbo wọn. Apẹja ò ta ẹja fún ara ẹ̀, owó ń wọ àpò kan, inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń bọ́ gbogbo ìlú tí wọ́n ti ń daṣọ bò wọ́n. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n ran bàtà, wọ́n ránṣọ, iná mànàmáná tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ ò tíì mọ̀ ọ́n, àwọn onímọ̀ láti òkèèrè sì ń wá wò wọ́n. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, àpò kan yẹn ti ń tú, wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn máa ṣòwò tara ẹ̀. Lónìí, òkun ló ń jẹ ìlú náà, ilé ń wọ omi, àwọn èèyàn ń sún sẹ́yìn.

Ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn ìlú tó dẹ̀rọ̀ tí kò ronú sí Ayétòrò dáadáa, iṣẹ́ ìdajì ló ń ṣe. Ẹ bi ara yín: kí ló so wọ́n pọ̀? Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ kan náà, àti ìyà kan náà tí wọ́n jọ jẹ kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí síbẹ̀ wá ńkọ́, tí wọn ò sá fún nǹkan kan rí? Ká ní ọmọ ogún ọdún kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ ra rédíò tara ẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lápò, tí wọ́n sì ń bọ́ ọ dáadáa, tí kò sí ohun tó lè tọ́ka sí pé ìyà yìí ló ń jẹ òun. Mi ò tíì rí ìtàn tó dùn ju ìyẹn lọ láti kọ. Nítorí náà òfin ni mo fi í ṣe: nínú gbogbo ìlú rere tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ fi ọmọ kan síbẹ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí kò mọ bí ayé ṣe rí tẹ́lẹ̀, tó sì fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ló ń kó o?

Thomas More, lọ́yà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló kọ ìwé Utopia tó fún gbogbo irú ìtàn yìí lórúkọ, ọdún 1516 ni. Erékùṣù ni ìlú tó kọ: wákàtí mẹ́fà péré ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, wúrà ò jọ wọ́n lójú débi pé wọ́n ń fi ṣe póò. Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ẹ kà á wọ inú, ẹrú wà níbẹ̀! Àwọn ẹrú ló ń pa ẹran, àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ tó ń rùn. Ọkùnrin yẹn lè ro ayé tí wúrà ò ti níyì, kò lè ro ayé tí kò sẹ́ni tó ń bá ẹlòmíràn kó ìdọ̀tí.

Gbogbo nǹkan dáradára tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ń kó ìdọ̀tí ẹ̀, ta ló ń sanwó ẹ̀, ta ló ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí nítorí ẹ̀. Nínú ìlú tèmi, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tó ti rà, gbogbo ẹ̀ ń lọ sínú táǹkì kan tí wọ́n dé pa, wọ́n á da ìgbẹ́ màlúù láti odò ẹran mọ́ ọn, níwọ̀n ìgbà tí atẹ́gùn ò bá ti wọlé àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí á jẹ ẹ́, gáàsì á jáde, àwọn ìyá olóúnjẹ á fi dáná, ohun tó kù nísàlẹ̀ á di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Èyí kì í ṣe àlá o, wọ́n ń ṣe é káàkiri ayé báyìí. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣí táǹkì? Ó ń rùn! Mo wá ní àáró ni: gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní ọjọ́ tiẹ̀, Ìyálọ́jà náà ní tiẹ̀. Bí mo ṣe kọ ìyẹn tán báyìí ni ìjà dé, torí pé kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ tí olówó kan bá ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án? Ṣé ó ti ṣe tiẹ̀ àbí kò ṣe é? Tẹ́ ẹ bá ní wọ́n fòfin de ìyẹn, arúgbó tí kò lè tẹ̀ ba ńkọ́? Ẹ má sáré dáhùn. Ẹ jẹ́ káwọn èèyàn inú ìtàn jà á síta ní ìpàdé ọjà, kí ohùn ẹ̀gbọ́n kan gókè, kí ẹnì kan yọ ọ̀rọ̀ àná síi, kí ìpàdé tú ká láìparí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá ẹni tó pàdánù, kẹ́ ẹ fún un ní bírò

Kò sí àyípadà tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan. Tí ọ̀rá bá kúrò nínú ọjà, ẹni tó ń ta ọ̀rá ńkọ́? Òun ni kẹ́ ẹ fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, ẹ má fi í ṣe ọ̀tá. Ẹ wo ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yìí.

Èyí tí kò dáa: "Lọ́dún 2050, Àkúrẹ́ ti di ìlú ẹlẹ́wà. Kò sí ìdọ̀tí mọ́, odò Àlà ti mọ́ kedere, gbogbo èèyàn sì ń láyọ̀."

Èyí tó sàn díẹ̀:

"Ìyá Bọ́sẹ̀ ò tíì tajà. Ewé eéran tó kó wá ti ń rọ lórí tábìlì, àwọn oníbàárà ń kọjá níwájú ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kékeré tó ń yá èèyàn ní abọ́. Nígbà tó ṣì ń ta ọ̀rá ní ìlà yìí, bó bá gbé bándù kan lọ́wọ́ báyìí, ó mọ̀ bóyá wọ́n ti yọ nínú ẹ̀.

'Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ọjọ́ yín ló kàn lónìí ní ìdí táǹkì, ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ ti wá?'

'Lọ kọ orúkọ àwọn tó ṣòfin.'

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fi àmì kan síwájú orúkọ ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìsọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́rin ń wẹ̀ nínú Àlà, wọ́n gbé yúnifọ́ọ̀mù wọn kọ́ ara afárá. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Inú ń bí i sí àwọn náà."

Ẹ rí i pé mi ò sọ níbì kankan pé odò ti mọ́. Àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú ẹ̀, ó parí. Mi ò sì sọ pé àṣìṣe ni Ìyá Bọ́sẹ̀ ń ṣe. Kẹ́ ẹ tó parí ìtàn, ẹ rí i dájú pé ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti borí tiyín, tó jẹ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ ò rí èsì fọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá lè rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá ẹni tó máa ń ta kò yín yẹn, ẹ ka ìtàn fún un, ẹ kọ ohun tó bá fi bú yín sílẹ̀, ẹ gbé e sẹ́nu Ìyá Bọ́sẹ̀ bó ṣe wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ rìn ín padà wálé

Ìlú ò kàn ń dáa lójijì. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ 2050 sókè, ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀: ní 2045 kí ló ti ṣẹlẹ̀, ní 2038 ńkọ́, ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́, títí ẹ ó fi dé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí. Síwájú ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó lòun ò gbà.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìgbà Awólọ́wọ̀, torí àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé òru ọjọ́ kan ló bọ́. Ọdún 1952 ni wọ́n ti kéde ẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn, January 1955 ló tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, kíláàsì ni wọ́n ń kọ́, tísà ni wọ́n ń kó jọ, owó orí ga, àwọn èèyàn sì bínú sí i gan-an, débi pé nígbà ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fìdí rẹmi sọ́wọ́ ẹgbẹ́ alátakò NCNC ní agbègbè tiwọn fúnra wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ prámárì tó tó nǹkan bíi 457,000 tẹ́lẹ̀ di èyí tó lé ní 811,000. Kò ní ṣàìsí lára àwọn tó dìbò tako ẹ̀ yẹn tó fa ọmọ lọ́wọ́ lọ forúkọ sílẹ̀. Bàbá kan tó dìbò tako ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó wá ń ra síléètì fún ọmọ ẹ̀, ẹ ẹ̀ rí i pé ìtàn nìyẹn? Irú ẹ̀ lẹ máa rí tẹ́ ẹ bá ń rìn ín padà.

Ìkìlọ̀ méjì. Tí "ìjọba wá bá wa ṣe é" bá fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìwé yẹn, ẹ pa èyí tó kù rẹ́, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíràn tó máa ṣe é. Èkejì, ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yẹn, gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn mẹ́wàá lè ṣe láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tèmi ni pé ìlà ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní Arákalẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọjà, á máa yọ owó díẹ̀ kúrò fún oníbàárà tó bá gbé abọ́ ẹ̀ wá láti ilé.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kọ ọ́ bí ẹ̀sùn

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, tó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan lẹ máa mú nínú gbogbo eléyìí, òun ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má ṣàpèjúwe ìlú rere. Ẹ jẹ́ kí ará ìlú náà máa ráhùn. Ohun tí èèyàn ń ráhùn lé lórí ló ń fi hàn wá ohun tó ti kà sí ẹ̀tọ́ ara ẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, tó bá jẹ́ omi lẹ mú:

"Sí àwọn tó wà lórí omi ládùúgbò wa, Òkè-Àró. Ẹ kú iṣẹ́. Lánàá, omi ò yọ ní òpópónà wa láti aago méjì ọ̀sán títí di aago mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó wá kan ilẹ̀kùn sọ fún wa ṣáájú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́dún yìí nìyí. Tẹ́ ẹ bá ní páìpù ló bẹ́, ẹ ti gbọ́ láti oṣù tó kọjá pé ó ń jò, èmi gan-an ni mo kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lánàá wá ṣàlàyé ní ìpàdé Sátidé, bá a ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Bàbá mi náà wà lórí omi rí, ó sì ṣàlàyé."

Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó bá ka ìyẹn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á wá dákẹ́. Wákàtí kan! Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún!

Oríṣi mìíràn tẹ́ ẹ lè lò: ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí WhatsApp àwọn landlọ́ọ̀dù ní Ìjàpọ̀ lọ́dún 2050, ìkéde lẹ́yìn ìsìn, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé ìdánwò. Ọmọ prámárì márùn-ún ní ọdún 2050, nínú ìdánwò ìtàn: "Kí ni jẹnẹrétọ̀? Ṣàlàyé ìdí tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ní tiẹ̀ láyé àwọn bàbá wa. (Máàkì 10)." Ẹ kọ ìdáhùn ọmọ náà pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe tó wà nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kí tísà fún un ní mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: èdè

Kò gùn. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Àgbàlagbà inú ìtàn lè sọ Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó gidi, àwọn ọmọ lè da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn, ó ṣe tán bó ṣe rí náà nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ kà á sókè sétígbọ̀ọ́ ẹnì kan tí kò kàwé, ibi tó bá ti ní "kí lo sọ?", ẹ tún ibẹ̀ kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ kà á síta, kẹ́ ẹ gba èsì

Ìtàn yìí ò gbọ́dọ̀ sùn sínú fóònù. Lọ́dún 1888 ní Amẹ́ríkà, Edward Bellamy kọ ìtàn ọkùnrin kan ní Boston tó sùn lọ tó jí lọ́dún 2000, tó bá ìlú tí kò sí olówó kò sí tálákà. Àwọn tó kà á dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà torí ẹ̀. William Morris ní England kà á, kò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, ó ní irú ìlú tí wọ́n ti to gbogbo èèyàn bíi ṣọ́jà sẹ́nu iṣẹ́, òun ò lè gbé níbẹ̀, ló bá jókòó lọ́dún 1890 ó kọ tiẹ̀, èyí tí iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ti jẹ́ ìgbádùn. Ebenezer Howard náà ka ti Bellamy, akọ̀wé kan lásán ni, ó gbé ètò ìlú tí ọgbà yí ká kalẹ̀ nínú ìwé lọ́dún 1898, nígbà tó di 1903 wọ́n ti ń kọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní Letchworth, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ rí i pé ẹni tí kò fara mọ́ ọn ṣiṣẹ́, ẹni tó fara mọ́ ọn náà ṣiṣẹ́.

Torí náà ẹ ṣe fótókọ́pì ẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin tó, kó má pọ̀ jù. Tí àwọn ará ọjà bá ń ṣèpàdé, ẹ tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ Ìyálọ́jà. Tó bá jẹ́ vóòsì nóòtì lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, dátà ń wọ́n. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè méjì péré: apá ibo nínú ìlú yìí lẹ fẹ́ gbé, apá ibo lẹ máa sá kúrò? Ẹ má gbèjà ìtàn yín. Ẹ kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ẹni tó ń ta ọ̀rá wà níbẹ̀, ẹ fún un ní àga iwájú, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan máa wà níbẹ̀ tó máa dìde, á pòṣé, á ní irọ́ ni gbogbo eléyìí, kò lè ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́ láéláé. Ẹ má bá a jà. Ẹ fún un ní bírò àti ojú ìwé tó ṣófo, ẹ ní kó kọ bó ṣe máa bàjẹ́ àti ẹni tó máa bà á jẹ́, kó dárúkọ òpópónà, kó dárúkọ ọdún, kẹ́ ẹ sì bi í pé ọjọ́ wo ni kẹ́ ẹ wá gbà á.